Ìkọ́ Àárín Lára Ògiri Ìdáná Wa

Bàbá mi kò lè gbọ́ kí èèyàn mí kanlẹ̀ kí wọ́n má dá sí i. Wẹ́dà ni wọ́n, irin ni wọ́n sì fi ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ ayé lóhùn. Àbúrò mi sunkún pé bẹ́ẹ̀dì ga jù, Bàbá mi jó àtẹ̀gùn onírin mọ́ ọn lára. Adìyẹ Màmá mi ń sá jáde, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn onírin fún adìyẹ, ilẹ̀kùn tó wúwo débi pé ó pa adìyẹ kan lọ́jọ́ kẹta. Nítorí náà, ní ọdún tí mò ń sọ yìí, tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó yẹ kí Màmá mi ti mọ̀ pé a kì í ṣàdédé mí kanlẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n yàrá Hajiya ni wọ́n ti ń bọ̀, ojú wọn sì ti kún. Hajiya ni ìyàwó onílé wa ní Minanata, ní Sókótó. Bí àṣà àwọn Hausa, àwọn òbí rẹ̀ ti kó àwo tánganran fún un nígbà ìgbéyàwó, àwo olódòdó pupa àti àwọ̀ ewé, wọ́n sì tò wọ́n sára ògiri yàrá láti ilẹ̀ títí kan òrùlé. Ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n jẹun. Wíwò ni wọ́n ń wò wọ́n. Màmá mi dé ẹnu ọ̀nà ìdáná tiwa, wọ́n wo àwọn ìkòkò wa tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èédú, tí ọ̀kan dojú dé èkejì, tí aláǹgbá ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Bàbá mi ń fọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ létí ilé. Mo rí i tí wọ́n dá ọwọ́ dúró.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi sọ nǹkan kan. Wọ́n ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Gawon Nama, wọ́n á ní iná ni ò tètè dé. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń gbálẹ̀ àgbàlá, kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ta omi ń ké wíì-wíì lọ lójú títì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilé kejì ń han, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ń gún ata, ni Bàbá mi gbé nǹkan gbọọrọ kan wọlé lórí alùpùpù. Nǹkan náà gùn jù mí lọ. Ìkọ́ mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù lára géètì Alhaji kan kùn ún. "Hángà ìkòkò nìyí," ni wọ́n sọ fún Màmá mi. "Láti òní lọ, ìkòkò kankan ò ní sùn nílẹ̀ mọ́ nílé mi." Màmá mi kígbe, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n tún kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, Bàbá Bọ́lá! Ẹ ó ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Gbogbo ilé jáde wá wò ó. Hajiya pàápàá yọjú, ó fi ìka kan irin náà, ó ní "Kai!" ìyẹn sì tó fún Bàbá mi láti fi ṣe fújà fún oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti gbé ilé amọ̀ rí mọ̀ pé ògiri amọ̀ kì í di ìṣó mú. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú kì í ṣe nǹkan kan, ẹ̀tàn ni. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú ò jẹ́ kí wọ́n rántí. Wọ́n kan ìṣó mẹ́rin, wọ́n kọ́ ìkòkò mẹ́ta sí i láti fi dán an wò, a sì lọ sùn. Ní ìdájí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun tán, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ìkòkò mẹ́ta àti irin gbọọrọ kan, ẹ má rò pé ó kéré! Hajiya sáré jáde láì bo orí, ó ń ké "Subhanallahi! Subhanallahi!" Onílé ń bi ẹni gbogbo pé ilé èwo ló wó. Bàbá mi ò bínú rárá. Wọ́n dá ògiri náà lu, wọ́n ki irin gba inú rẹ̀ kọjá títí ó fi yọ sí yàrá wọn ní apá kejì, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀ lókè orí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá mi bá yọ ìkòkò kan láàárọ̀, irin tó wà lókè orí Bàbá mi á dún kéń, wọ́n á sì mọ̀ pé wọ́n ti gbé oúnjẹ kaná. Wọ́n ní àwọn ò nílò aago mọ́.

Wọ́n fúnra wọn ló kọ́ àwọn ìkòkò náà. Wọ́n ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ìkòkò ìrẹsì. Ìkòkò ọbẹ̀. Páànù tí a fi ń dín ẹyin. Kẹ́tù. Ìkòkò ògì. Àṣé wọn ò wá sílé wá kà wọ́n tẹ́lẹ̀ o, kí Màmá mi má baà fura. Ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jókòó sí, wọ́n rò ó lórí, wọ́n sì ṣe ìkọ́ kan fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rántí. Ìkọ́ mẹ́wàá kún. Ó ku ti àárín, tó nípọn tó àtàǹpàkò Bàbá mi.

"Ìkòkò Ìyá mi ń kọ́?" ni wọ́n wí.

"Èwo?" ni Màmá mi wí.

"Èwo kẹ̀? Ìkòkò ńlá! Ìkòkò tí èèyàn mẹ́ta lè wọ̀ kí wọ́n tún na ẹsẹ̀! Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe lo irin géètì."

"Áà. Ìyẹn." Màmá mi fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò tutù. "Wọ́n wá yá a ni. Ìyá Káfáyá ló wá yá a."

Èmi tí mo di ìgbálẹ̀ mú, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ fún yín, kí n má baà dá yín lágara: ìkòkò náà kò sí láyé mọ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ló gbé e fún Màmá mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú gbogbo ẹbí. Òun ni wọ́n fi se oúnjẹ ìkómọ Bàbá mi. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Sókótó, Màmá mi tì í sábẹ́ àpò èlùbọ́, Bàbá mi ò sì fojú kàn án mọ́. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ló wà lọ́kàn wọn. Kò lè jókòó lórí sítóòfù wa. Bí a bá gbé e lérí igi, omi kẹ́ẹ̀gì kan ò ní bo ìdí rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo tó dára la fi ń se ìrẹsì nígbà náà. A ó dà á sínú abọ́, a ó fọ ìkòkò, ká tó fi se ọbẹ̀. Kí ọbẹ̀ tó jinná, ìrẹsì á ti tutù, Bàbá mi á sì máa ráhùn pé òun ò fẹ́ ìyàwó láti máa jẹ oúnjẹ tútù. Ìgbà tó yá, ó sú Màmá mi. Wọ́n di ìkòkò náà sínú àpò, wọ́n mú èmi dání, a gbé e lọ bá Malam Audu, tó máa ń yọ́ àwọn ìkòkò àtijọ́, tí í fi ń rọ tuntun lẹ́yìn ọjà. Malam Audu gbé e yí, ó fi ìka gbá a, ó sì na ìka mẹ́ta sókè. "Uku," ló wí. Mẹ́ta ni yóò bá wọn rọ nínú rẹ̀. Nígbà tó gbé òòlù, Màmá mi fi ọwọ́ bò mí lójú, mo sì ń wò ó láàárín ìka wọn. Wọ́n ń wí pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," bẹ́ẹ̀ omi ń dà lójú wọn. Lọ́jọ́ tí a lọ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n bi mí lójú ọ̀nà pé, "Bọ́lánlé, kí lo rí?" Mo ní, "N ò rí nǹkan kan, Mà." Wọ́n ra fúrá olómi tútù fún mi. Wọ́n sọ fún Bàbá mi pé àwọn ra ìkòkò mẹ́ta lọ́jà. Wọn ò parọ́ pátápátá.

Ibi tí hángà yìí ti wá dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìkòkò wà nílẹ̀, tí wọ́n dojú délẹ̀ lórí ara wọn, áńgẹ́lì pàápàá ò lè sọ iye tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ìkọ́ tó ṣófo ń sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí wa ló ń bi wá pé kí ló ń gbé ibẹ̀. Èmi náà ti ní ìdáná tèmi báyìí, ọkọ mi sì ti fẹ́ ra irú hángà bẹ́ẹ̀ fún mi ní ilé ìtajà ńlá kan, èyí tó ń dán, mo ní kó fi owó rẹ̀ ra bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ sójú táyé, kó yáa mọ̀ pé kò sí àṣírí kankan nínú ilé òun. Màmá mi ò sì lè jẹ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, aránṣọ. Nígbà tí Bàbá mi fẹ́ fẹ́ wọn, àwọn àbúrò Bàbá mi obìnrin ti sọ ọ́ gbangba pé ọmọ yìí ò ní lè tọ́jú nǹkan ẹbí. Ìyá Àgbà nìkan ló gbè wọ́n. Ìyá Àgbà ló gbé ìkòkò náà lé wọn lórí, tí wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo fi ilé wa lé." Bí àwọn àbúrò Bàbá mi bá gbọ́ pé òòlù ni Màmá mi fi dáhùn, ẹjọ́ náà ò ní tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi máa kú. Ìyẹn ló ń pá Màmá mi láyà, kì í ṣe ìkòkò.

Kí Bàbá mi tó wọ bàtà láti lọ gba ìkòkò lọ́wọ́ Ìyá Káfáyá, Màmá mi ti fà mí sẹ́yìn ilé. "Sáré! Sọ fún Ìyá Káfáyá pé òun ló yá ìkòkò ńlá." Ìyá Káfáyá ló ń ṣe irun lójú ọ̀nà tó tẹ̀ lé tiwa. Mo bá wọn tí wọ́n ń di irun ẹnì kan lọ́wọ́, mo jíṣẹ́, wọn ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Àwọn obìnrin Yorùbá tó wà ní Sókótó nígbà náà, bí o bá ní kí wọ́n bá ọ parọ́, wọn kì í bi ọ́ nídìí. Ohun tí Ìyá Káfáyá bi mí ni pé, "Báwo ló ṣe tóbi tó?" Nígbà tí Bàbá mi dé, wọ́n ti múra sílẹ̀. "Há, Bàbá Bọ́lá, ẹ má bínú! Ìyàwó oníbúrẹ́dì ní Gidan Igwai ló gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ṣe ìkómọ." Kí alùpùpù tó dé Gidan Igwai lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ìyàwó oníbúrẹ́dì dá tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ìrẹsì tí àwọn fi ìkòkò náà sè, kò jóná rárá, pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́. Ó ní ó wúwo débi pé ẹ̀yìn ń ro òun láti ìjẹta. Ó sì ní kí Bàbá mi jọ̀wọ́ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn, torí àlejò ò tíì tán nílé. Bàbá mi padà wálé láìmú ìkòkò bọ̀, inú wọn ń dùn. "Ìkòkò Ìyá mi ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká," ni wọ́n wí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún lọ ni ìyàwó oníbúrẹ́dì ń wá ìdí mìíràn, tó sì ń fi búrẹ́dì gbígbóná kan tẹ̀ lé e. A jẹ búrẹ́dì ọ̀fẹ́ lóṣù náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ò tó oṣù méjì. Bàbá mi ti fi fóònù tuntun wọn pe Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ròyìn hángà náà, Ìyá Àgbà sì ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Wọ́n dé nígbà ọyẹ́, eruku ti bo ojú wọn funfun, wọn ò sì tíì mu omi tí wọ́n fi dúró níwájú ìdáná. "Àjàní, ìwọ lo ṣe èyí?" Bàbá mi ní àwọn ni. Ìyá Àgbà fi ojú ka ìkòkò láti òsì dé ọ̀tún. "Ti àárín yìí ń kọ́?"

"Tiyín ni, Ìyá. Ìkòkò yín. Wọ́n yá a ní Gidan Igwai."

"Wọ́n yá a," ni Ìyá Àgbà wí. Ó tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àpótí wọn síwájú hángà láàárọ̀, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á máa jẹ dàbínù, tí wọ́n á máa wo ìkọ́ náà bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. "Ìyàwó, ṣé wọ́n ti dá a padà?" "Wọn ò tíì dá a padà, Ìyá." Màmá mi fi asẹ́ kọ́ ibẹ̀. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n yọ asẹ́ kúrò, wọ́n fi lé Màmá mi lọ́wọ́. "Kì í ṣe ibi tirẹ̀ nìyí." Màmá mi ò fẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ìró tó máa ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀ ti fẹ́ẹ̀ máa yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ onílé, wọ́n rán apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, mo sì ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè, torí mo mọ̀ pé ẹnu mi ò lè gba búrẹ́dì, kó gba fúrá, kó tún gba irọ́ pọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Àgbà wé gèlè, wọ́n mú òṣùká dání. "Bọ́lánlé, wá mú mi dé Gidan Igwai. N ó kí ẹni tó ń lo ìkòkò mi, n ó sì gbé e bọ̀ lórí ara mi." Mo wo Màmá mi. Màmá mi wo òṣùká. Ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Orí eékún ni wọ́n wà kí ẹnu wọn tó là.

"Ìyá, kò sí ní Gidan Igwai. Ẹ má lọ. Mo gbé e lọ fọ́ ni. Èmi ni. Ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí i. Ìkòkò kan ṣoṣo la fi ń se gbogbo nǹkan, mo sì ní kí wọ́n fi rọ kéékèèké. Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ẹ má sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìyá Àgbà fi òṣùká sílẹ̀ lórí àpótí. Mo gbọ́ tí ìyá Hausa kan ń kígbe ta wàrà kọjá lójú títì, tó lọ títí ohùn rẹ̀ fi tán.

"Àwọn wo ni?" ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

Màmá mi nawọ́ sí wọn. Ìyá Àgbà yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kó wọn lé itan, wọ́n fi ìka gbá wọn, wọ́n gbé èyí tó kéré jù wò lókè, ọwọ́ kan péré ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n tún gbé e. "Nígbà tó fọ́," ni wọ́n wí, "ṣé ó dún?"

"Ó dún, Ìyá."

"Á dún!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà rí, títí gèlè fi tú. "Ìyá-ọkọ mi ló gbé e lé mi lórí, ìwọ ọmọ yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi se oúnjẹ agbo ilé nínú rẹ̀. Òun ló tẹ̀ mí lọ́rùn báyìí. Èèyàn méjìlélógún á jẹun tán, èmi ni n ó fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀. N ò lè fọ́ ọ, wọ́n á ní mo ya aláìníláárí. N ò lè jù ú nù. Nígbà tí Àjàní ní Sókótó lòun ń gbé ìyàwó lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jìnnà. Mo pè é ní ọlá, mo gbé e lé ọ lórí, mo sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwọ ni kí o dárí jì mí."

Màmá mi bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà fa orí wọn mọ́ra, wọ́n sì ń bá ẹ̀rín lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n pé, "Ọkọ rẹ ń kọ́? Ṣé ó mọ̀?" Màmá mi mi orí pé kò mọ̀. "Má sọ fún un. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn ìkòkò tí kì í ṣe àwọn ló ń gbé e." Wọ́n wá yí ojú sí mi. Kí wọ́n tó bi mí, mo ní, "N ò rí nǹkan kan, Mà."

Nígbà tí Bàbá mi dé lálẹ́, Ìyá Àgbà ti sọ fún wọn pé àwọn ti lọ gba ìkòkò náà fúnra àwọn, àwọn sì ń gbé e padà sílé, torí ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń yá a fáyé. Bàbá mi ní kí àwọn rí i. Ìyá Àgbà ní ẹni tó ti dẹrù kì í tún un tú. Ìkòkò tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta ló wà nínú àpò náà, àwọn àgbàdo gbígbẹ ló yí i ká, asẹ́ ni wọ́n sì fi kọ́ sórí ìkọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, gbogbo wa sin wọ́n dé gáréèjì. Ìyá Àgbà ti jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá mi gbé àpò náà láti fi fún kọ̀ńdọ́ tó ń to ẹrù lókè, wọ́n sì dúró. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ara àpò náà wò, wọ́n rí etí ìkòkò, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí i ká. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n fún un débi pé ìka mi kú.

"Ìyá," ni Bàbá mi wí, "ìkòkò yìí kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìyá Àgbà yọ orí lójú fèrèsé. Wọ́n wo ọmọ wọn dáadáa, ewú tó ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí iná wẹ́dà ti jó káàkiri.

"Ìkòkò ò kéré, Àjàní," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo dàgbà."

Bàbá mi rò ó díẹ̀. "Òótọ́ ni, Ìyá," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún kọ̀ńdọ́.